Bí Dókítà Bá Ní Ká Yẹ Ọlẹ̀ Wò

Ọ̀rọ̀ tòní kan ẹ̀yin tọkọtaya tí ẹ ń wojú Olúwa fún ọmọ, àti ẹ̀yin ìyá ọkọ tí ẹ ń ṣọ́ ikùn ìyàwó ọmọ yín lóṣooṣù.

Ọmọ tí a fi IVF bí kì í ṣe ohun tuntun mọ́. Ní 1978 ni wọ́n bí Louise Brown ní England. Ní 1989, wọ́n bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní LUTH l'Ékòó. Ohun tí kò tíì yé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní PGT-A, tí dókítà lè fi lọ̀ yín kí wọ́n tó gbé ọlẹ̀ sínú ìyá. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Okùn tín-ín-rín kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa tí à ń pè ní kúrómósóòmù. 46 ni wọ́n: 23 láti ọ̀dọ̀ baba, 23 láti ọ̀dọ̀ ìyá. Nígbà mìíràn ọ̀kan a lé, tàbí kí ọ̀kan dín. Bí ìkọkànlélógún bá di mẹ́ta dípò méjì, Down syndrome nìyẹn. Ọ̀pọ̀ irú àṣìṣe yòókù kì í jẹ́ kí oyún dúró rárá. Bí ọjọ́ orí obìnrin ti ń ga, bẹ́ẹ̀ ni ó ń pọ̀ sí i nínú ẹyin rẹ̀. Nǹkan bí ìdajì oyún tó ń bàjẹ́ láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ló ti ibẹ̀ wá. (Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ gbọ́ o! Ẹ yé wá àjẹ́ kiri ilé bàbá ìyàwó.)

Bí ọlẹ̀ bá ti tó ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, wọn á yọ sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ níbi tí yóò di ibi ọmọ, wọn á fi ọlẹ̀ pamọ́ sínú òtútù, wọn á sì ka kúrómósóòmù rẹ̀. Kíkà lásán ni. Kò wo ọlẹ̀ kankan sàn.

Ẹ̀yin AS méjì tí ẹ fẹ́ra yín, ẹ fetí sílẹ̀: àyẹ̀wò yìí kì í wo jínótáìpù. Ọlẹ̀ tí kúrómósóòmù rẹ̀ pé géérégé lè jẹ́ SS. PGT-M ni èyí tó ń wo ìyẹn. Orúkọ yẹn gan-an ni kí ẹ fi béèrè rẹ̀.

Èsì rẹ̀ náà kì í ṣe àṣẹ látọ̀run. Ní 2015, àwọn dókítà kan ní Ítálì ròyìn pé àwọn gbé ọlẹ̀ tí sẹ́ẹ̀lì pípé àti aláìpé dàpọ̀ nínú wọn sínú obìnrin 18 tí kò ní òmíràn. Mẹ́fà bí ọmọ tí ara rẹ̀ le. Ní 2019, ìwádìí ńlá kan lórí àwọn obìnrin ọdún 25 sí 40 fi hàn pé, lápapọ̀, àyẹ̀wò yìí kò mú kí oyún dúró ju ti àwọn tí kò ṣe é lọ.

Ọlẹ̀ ni Bíbélì wa pe ohun tó sọ nínú Èlísábẹ́tì, nítorí náà n kò lè fara mọ́ dídà á nù bí omi ìfọwọ́. Kí wọ́n tó so ẹyin kankan pọ̀ mọ́ àtọ̀ ni kí tọkọtaya ti jókòó, kí wọ́n gbàdúrà, kí wọ́n sì pinnu iye tí wọn yóò so. Ẹ bi dókítà pé: irú èsì wo ni ẹ kò fi ní gbé ọlẹ̀ wa sínú ìyá? Bí ó bá jẹ́ adàpọ̀ ńkọ́? Ẹ gba ìdáhùn rẹ̀ lákọsílẹ̀ kí ẹ tó san kọ́bọ̀.