Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Bí táǹkì ẹja omi òkun àlòkù ṣe ń fìdí múlẹ̀ nílé tuntun

Ẹni tó ra táǹkì ẹja omi òkun àlòkù ní Surulere, tó fẹ́ gbé e lọ sí Yaba, kì í ṣe gíláàsì nìkan ló rà. Ohun tó níye lórí jù níbẹ̀ ni bakitéríà tó ń gbé lára òkúta inú rẹ̀.

Ìgbẹ́ ẹja àti àjẹkù oúnjẹ máa ń di amóníà, májèlé gidi sì ni. Bakitéríà kan á sọ ọ́ di nitrite, tó ṣì léwu. Òmíràn á sọ nitrite di nitrate, tí ẹja lè fara dà díẹ̀. Bí òkúta bá gbẹ nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ojú Ọ̀nà Ìkòròdú, àwọn bakitéríà yìí á kú dànù. Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó kún fún omi táǹkì náà ló yẹ kí òkúta náà wà títí dé ilé. Yanrìn ìsàlẹ̀ ńkọ́? Kí wọ́n fọ̀ ọ́, tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, torí ìdọ̀tí tó ti sá pamọ́ síbẹ̀ lè ba omi jẹ́ bí wọ́n bá rú u sókè.

Omi ọ̀sà tó wà lẹ́yìn Yunifásítì Èkó ní Akoka kò ṣeé bù sínú táǹkì o. Nígbà òjò, iyọ̀ rẹ̀ máa ń dínkù gan-an, ìdọ̀tí ìlú sì ń ṣàn wọ̀ ọ́. Iyọ̀ tí wọ́n ṣe fún táǹkì ni kí wọ́n pò mọ́ omi tí wọ́n ti sẹ́ dáadáa, bíi gíráàmù 35 sí lítà 1.

Iná tó ń lọ ló le jù. Bí pọ́ǹpù bá dákẹ́, atẹ́gùn inú omi á máa tán lọ. Ẹ̀rọ kékeré oníbátìrì tó ń fẹ́ atẹ́gùn sómi gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ kí táǹkì tó dé.

Kí ẹja tuntun tó wọlé, kí àyẹ̀wò kọ́kọ́ fi hàn pé amóníà àti nitrite ti di òdo. Bí bakitéríà bá ti kú, èyí lè gbà tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6.