Gọ́ọ̀mù Ló Di Gíláàsì Iwájú Ọkọ̀ Mú

Bí òkúta bá ta ba gíláàsì iwájú ọkọ̀ lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, gíláàsì náà lè sán láti òkè dé ìsàlẹ̀, síbẹ̀ kò ní ya lu awakọ̀. Gíláàsì méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, tí ọ̀rá kan tí kò nípọn tó mìlímítà kan sì wà láàárín wọn. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Édouard Bénédictus, ló rí ọgbọ́n yìí ní 1903, nígbà tí ìgò kan já bọ́ níbi iṣẹ́ rẹ̀, tó sán ṣùgbọ́n tí kò túká, nítorí pé kẹ́míkà kan ti gbẹ mọ́ ọn nínú.

Gíláàsì yìí nìkan ni ọ̀pọ̀ onímọ́tò ń rò, wọn kì í ro gọ́ọ̀mù tó dì í mú. Wọ́n á lọ sí Ládìpó ní Muṣin, wọ́n á yẹ tòkunbọ̀ wò bóyá ó ha, wọ́n á ná an títí, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fà á lé ẹnikẹ́ni tó bá mú sìlíkónì dání lọ́wọ́. Sìlíkónì lè dènà omi lóòótọ́. Kò lágbára àtidi gíláàsì mú nígbà ìjàǹbá.

Nínú Peugeot 504 àtijọ́, rọ́bà ni gíláàsì há sí. Lóde òní, gọ́ọ̀mù póliyúréténì ló so ó mọ́ irin, tó fi ń bá òrùlé gbé ẹrù bí ọkọ̀ bá dojú dé. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, airbag ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ pàápàá, gíláàsì ló kọ́kọ́ ń fara tì kó tó kọjú sí ẹni náà. Bí gíláàsì bá ṣí, airbag á bá a lọ síta.

Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ kì í ha gbogbo gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò. Ó ń fi díẹ̀ sílẹ̀ pẹlẹbẹ, torí pé tuntun máa ń lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa. Ibi tí ọ̀bẹ bá ti ha irin, ó ń fi práímà kùn ún kí ìpẹtà má bàa jẹ ẹ́ lábẹ́. Kò ní fọwọ́ kan ibi tó ti nù, nítorí òógùn ọwọ́. Ìlà dúdú tó yí etí gíláàsì ká kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán: òun ló ń dènà oòrùn kó má bàa ba gọ́ọ̀mù jẹ́.

Omi inú afẹ́fẹ́ ló ń mú gọ́ọ̀mù yìí gan, ìdí nìyí tó fi máa ń pẹ́ jù lásìkò ọyẹ́. Òmíràn ń fẹ́ wákàtí kan kí ọkọ̀ tó lè rìn, òmíràn ń fẹ́ odidi ọjọ́ kan. Ara ike rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí, pẹ̀lú ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Kí onímọ́tò gba ike náà kà kí wọ́n tó ṣí i.