Oògùn Họ́mónù Kì Í Ṣe Ti Gbogbo Ìyá

Ẹ̀yin ìyá wa tí nǹkan oṣù yín ti dáwọ́ dúró, ẹ mọ ooru òjijì tí í gba ara lóru, tí aṣọ yóò fi rin gbingbin. Oògùn họ́mónù tí dókítà ń kọ fún un ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ohun tí ń kọ wá lóminú ni kí ìyá kan bù nínú tirẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ẹni tí ó ti ní jẹjẹrẹ ọmú rí, ẹ jọ̀wọ́, kí ó jìnnà sí i, nítorí họ́mónù yìí ni ó ń bọ́ púpọ̀ nínú irú jẹjẹrẹ bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni ẹni tí rọpárọsẹ̀ tàbí àrùn ọkàn ti kọlù, àti ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣàìsàn lọ́wọ́. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ tàbí nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ rí kò gbọdọ̀ gbé oníhóró mì, nítorí inú ẹ̀dọ̀ ni oníhóró ń gbà kọjá, ibẹ̀ ni ó sì ti ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Kí a kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀ kí ó wálẹ̀.

Ọ̀kan wà tí ojú máa ń ti àwọn ìyá láti sọ. Bí nǹkan oṣù bá ti lọ fún ọdún kan gbáko, tí ẹ tún wá rí ẹ̀jẹ̀, bí ó tilẹ̀ ṣe ẹ̀kán péré, kì í ṣe pé èwe padà dé o! Lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ àmì jẹjẹrẹ ilé ọmọ, èyí tí ó ṣeé wò bí a bá tètè rí i. Kí dókítà yẹ̀ yín wò ná kí ẹ tó fi họ́mónù kankan kan ẹnu.

Ní 2002, wọ́n dá ìwádìí ńlá kan dúró ní Amẹ́ríkà, èyí tí 16,608 obìnrin kópa nínú rẹ̀. Nínú 10,000 obìnrin tí ó lo àdàlù họ́mónù méjì fún ọdún kan, jẹjẹrẹ ọmú fi 8 lé sí i, rọpárọsẹ̀ náà fi 8 lé sí i. Ìbẹ̀rù mú kí ọ̀pọ̀ tí kò yẹ kí ó jáwọ́ jáwọ́. Bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn tí a wádìí ti lé ní ọmọ 60 ọdún. Fún ẹni tí kò tíì pé 60, tí kò sì ní àìsàn tí a kà sílẹ̀ yìí, àǹfààní rẹ̀ sábà máa ń ju ewu lọ.

Ẹni tí ó bá ń lò ó, tí ẹsẹ̀ kan ṣàdédé wú tí ó sì ń dùn ún, tàbí tí kò lè mí dáadáa lójijì, kí ó gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀, kí ó sì mú páálí oògùn náà dání.