Ẹ́ńjìnnì Ológun Láìsí Bírákẹ́ẹ̀tì: Ìdajì Ìtàn Ni

Abúlé Ẹ̀gbá ni mo ń gbé. A ò ní ọ̀sà ládùúgbò wa, ọ̀nà Abẹ́òkúta àti gosiló rẹ̀ la ní. Síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ ni mo ń kó jọ, pàápàá àwọn tí wọ́n ṣe fún ológun. Àwọn ará àdúgbò máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Bọ̀dá, ṣé ẹ fẹ́ wa ọkọ̀ ojú omi gba abẹ́ bíríìjì ni?" Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé orí ilẹ̀ ni irú ẹ́ńjìnnì yìí ń kú sí, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ra irin kọ́ńdẹ̀mù.

Ẹ́ńjìnnì wo ni mò ń sọ?

Èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ìdí ọkọ̀ ni, bí ẹ ṣe ń rí i ní Mákòókò, Ẹ̀pẹ́ àti Bàdágìrì. Ẹ́ńjìnnì wà lókè, ẹsẹ̀ gígùn wà láàárín, pùròpẹ́là tó ń yí bí abẹ̀bẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ole Evinrude, ọmọ Norway tó ń gbé ní Milwaukee ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ta tirẹ̀ ní 1909. Agbára ẹṣin 1.5 péré ló ní, ó sì wúwo tó nǹkan bí kílò 28.

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé, àwọn ológun rí i pé ẹ́ńjìnnì tí èèyàn lè gbé kọ́ ọkọ̀ kíákíá wúlò gan-an. British Seagull ṣe tirẹ̀ fún ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kẹta 1945, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń sọdá odò Rhine ní Jámánì, àwọn kan wọ ọkọ̀ onípákó kéékèèké tí ẹ́ńjìnnì Evinrude ńlá, tí agbára rẹ̀ tó bí ẹṣin 50, ń tì lọ.

Kí ni bírákẹ́ẹ̀tì ń ṣe gan-an?

Òun ni irin tó di ẹ́ńjìnnì mú mọ́ pákó ìdí ọkọ̀. Ó sábà máa ń ní bóòtù méjì tí a ń fi ọwọ́ lọ́. Ẹ má fojú kéré rẹ̀ o! Pùròpẹ́là ń ti omi sẹ́yìn, omi náà ń tì í síwájú, bírákẹ́ẹ̀tì ló sì ń gbé gbogbo agbára yẹn fún ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Agbára ẹṣin 1 jẹ́ wáàtì 746, torí náà 50 jẹ́ wáàtì 37,300. Ká ní ìdajì rẹ̀ ló wúlò fún títi ọkọ̀, tí ọkọ̀ sì ń sáré mítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Agbára tó ń ti ọkọ̀ á tó ìwúwo kílò 190. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò ìrẹsì 50 kílò mẹ́rin!

Ìsàlẹ̀ pátápátá ni pùròpẹ́là wà, nítorí náà ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì ń tẹ pákó síwájú, orí rẹ̀ sì fẹ́ já sẹ́yìn. Ọwọ́ bírákẹ́ẹ̀tì tó kọ́ pákó ló ń sọ pé, "Rárá, dúró síbẹ̀." Bí pùròpẹ́là bá sì kọlu kùkùté, bírákẹ́ẹ̀tì ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbéra sókè dípò kí ó fọ́.

Níbo ni ewu wà?

Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ bírákẹ́ẹ̀tì, àwọn tó ń yọ́ ọ fi ṣe ìkòkò sì ń wá a. Ó rọrùn láti tú ju ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ lọ, nítorí náà òun ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ tà. Bẹ́ẹ̀ sì ni, lára ọ̀pọ̀ Johnson àti Evinrude, ara bírákẹ́ẹ̀tì ni àwo nọ́ńbà wà. Tí ó bá wọ iná, ìwé ìbí ẹ́ńjìnnì náà lọ nìyẹn. Èèyàn ò ní lè fi ìdánilójú sọ ọdún tí wọ́n ṣe é, tàbí bóyá ológun ló lò ó. Láti 2020 ni wọn ò ti ṣe ẹ́ńjìnnì Evinrude mọ́. Èyí tó wà nílẹ̀ náà la ní.

Tí ẹ bá rí ọ̀kan:

- Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà àti ọ̀dà rẹ̀ kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Ọ̀dà àwọ̀ ewé tàbí eérú ti ológun lè wà lábẹ́ èyí tí wọ́n kùn sórí.
- Ẹ gba rìsíìtì. Wọ́n ń jí ẹ́ńjìnnì àwọn apẹja gan-an.
- Ẹ má fi bóòtù idẹ sára alumíníọ̀mù. Nínú omi iyọ̀, àwọn méjèèjì á di bátìrì, alumíníọ̀mù ni yóò sì jẹ tán.
- Ẹ má gbé e lọ sórí omi pẹ̀lú bírákẹ́ẹ̀tì tí wẹ́dà kàn jó pọ̀. Tí ó bá kán, ẹ́ńjìnnì á wọlé sódò.

Nítorí náà, tí ọlọ́mọláǹkẹ́ bá ń kọjá, ẹ yọjú wo ohun tó kó. Irin tó dà bí ọwọ́ tí kò ní ara lè jẹ́ ìdajì ìtàn tí ẹnì kan ń wá kiri.