Òfin eré ló yẹ ká yí padà, kì í ṣe ọmọ: ẹ̀kọ́ tí Kano ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Sabon Gari

Ní Kano, àwọn ọ̀dọ́ tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú lẹ́sẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù. Orí sìmẹ́ǹtì ni wọ́n ti ń gbá a. Oníkálukú á jókòó sórí pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n de táyà kéékèèké mọ́ nísàlẹ̀, á ká ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ, á ki ọwọ́ bọ sálúbàtà kí àtẹ́lẹwọ́ má baà bó. Ọwọ́ yẹn ló fi ń ti ara rẹ̀ síwájú, òun náà ló sì fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Misbahu Lawan Didi, tí àrùn yìí mú òun náà ní kékeré, ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ mọ́ eré náà, torí òun ló ṣe olórí àjọ tó ń bójú tó o ní Nàìjíríà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀dọ́ tó bá ń wá bí yóò ṣe mú àwọn ọmọ tí wọ́n ń yọ sílẹ̀ wọnú eré ìdárayá ní Sabon Gari, àdúgbò kan ní Kano, kó wo ohun tí wọ́n ṣe yìí dáadáa. Wọn ò dúró dìgbà tí ẹsẹ̀ ọmọ bá máa san. Ilẹ̀ tí wọ́n ń gbá a lé, irinṣẹ́ àti òfin eré ni wọ́n yí padà.

Ìtara ẹni tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ máa ń ṣòfò nígbà tó bá dúró sórí àánú. A mọ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀: wọ́n á kó ìrẹsì àti bísíkíìtì wá, wọ́n á ya fọ́tò pẹ̀lú àwọn ọmọ, ilẹ̀ á ṣú, ọmọ á padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá láti máa wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ tó ń wòran kò ṣeré. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ nínú ìlànà tó gbé jáde ní 2020 pé ọmọ ọdún 5 sí 17 nílò eré tó ń mú ara gbóná fún ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́, ó sì ka àwọn tó ní ìpèníjà ara mọ́ wọn. Bí òfin bá yí, ọ̀nà á là. Ní 2014, FIFA fàyè gba ìbòrí lórí pápá, òfin FIFA kò sì fipá mú ọmọbìnrin Mùsùlùmí mọ́ láti yan ọ̀kan nínú ẹ̀sìn àti bọ́ọ̀lù. Ní ìlú bíi Kano, ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn.

Ẹnì kan lè ní àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti tán, kí la tún ń pariwo lé lórí? Lóòótọ́, iṣẹ́ ńlá ti wáyé. Ní 2003, Kano dá àjẹsára náà dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù, àrùn náà sì tàn láti àríwá Nàìjíríà dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n tó kéde pé ojúlówó kòkòrò rẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà. Àmọ́ àwọn tó jẹ́ ìkókó ní 2003 ni ọ̀dọ́ òní, irú kòkòrò mìíràn tó sì máa ń yọjú níbi tí àjẹsára kò bá ti kárí ṣì ń yọ àríwá lẹ́nu. Yàtọ̀ sí ìyẹn, agbègbè tí yírùnyírùn ti máa ń jà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni Kano wà, àrùn yìí sì ń sọ àwọn kan tó là á já di adití. Adití kò nílò pátákó onítáyà. Ohun tó nílò ni kí rẹfirí máa ju àsíá dípò fèrè, kí akọ́nimọ̀ọ́gbá sì máa fọwọ́ júwe. Nítorí náà, eré kan ṣoṣo kò lè tó.

Àwọn mìíràn á tọ́ka sí àmì ẹ̀yẹ. Ní Paris lọ́dún 2024, Nàìjíríà kò gba ẹyọ kan ní Òlíńpíìkì, ṣùgbọ́n àwọn akanda ẹ̀dá wa gba méje ní Paralympics, Folashade Oluwafemiayo sì gba wúrà nínú gbígbé irin. Ó wú mi lórí gidigidi. Síbẹ̀, inú gbígbé irin ni èyí tó pọ̀ jù nínú méje náà ti wá, àgbà tó ti rí irin gbé ló sì gbà á. Kò sọ nǹkan kan fún wa nípa ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí olùkọ́ ní kó máa ṣọ́ báàgì àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà eré ìdárayá nílé ìwé.

Àtakò tó le jù ni ti àwọn tó ní ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ fún akanda ẹ̀dá náà ìyàsọ́tọ̀ ni. Mo gbà pé òótọ́ wà níbẹ̀. Special Olympics, tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1968, wá nǹkan ṣe sí i pẹ̀lú ètò Unified Sports, tó ń kó àwọn tó ní ìpèníjà ọpọlọ àti àwọn tí kò ní in sínú ẹgbẹ́ kan náà. Bọ́ọ̀lù Kano náà gbà bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tó ní kí ọmọ tó ń fẹsẹ̀ sáré má jókòó sórí pátákó, kò sì ní pẹ́ rí i pé ẹni tó ti ń fọwọ́ rìn láti kékeré yá ju òun lọ. Ṣùgbọ́n kí ọmọ tí wọ́n ti ń yọ sílẹ̀ tó lè bá gbogbo ẹgbẹ́ ṣeré, ó nílò ibi tí kò ti ní tijú láti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹgbẹ́ méjèèjì ló yẹ kó wà.

Owó ńkọ́? Pákó, táyà kéékèèké àti wẹ́dà wà nílùú. Aminu Ahmed Tudun Wada àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí àrùn náà mú ti pẹ́ tí wọ́n ti ń jó irin ṣe kẹ̀kẹ́ ọlọ́wọ́ ní Kano. Ohun tó ṣòro ni kí iṣẹ́ náà má dúró. Láti 1973 ni àwọn agùnbánirọ̀ ti ń sin ìjọba, wọ́n sì ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú, àmọ́ lẹ́yìn ọdún kan wọ́n á lọ. Kí agùnbánirọ̀ jẹ́ igbákejì, kí akanda ẹ̀dá tó ti gbá bọ́ọ̀lù náà rí jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá láti ọjọ́ kìíní. Ibi tí ọ̀dọ́ tó kàwé ti wúlò jù ni kíkọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀gá ilé ìwé àti ìjọba ìbílẹ̀ Fagge, tí Sabon Gari wà lábẹ́ rẹ̀. Òfin tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù Kìíní 2019 fún àwọn ilé ìlò gbogbogbò ní ọdún márùn-ún láti di ibi tí akanda ẹ̀dá lè wọ̀. Ọdún márùn-ún náà pé ní oṣù Kìíní 2024. Kí lẹ́tà náà béèrè ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ lè gùn lẹ́nu géètì, àti wákàtí méjì lọ́sẹ̀ lórí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì ilé ìwé lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti jáde.