Rédíọ̀mù nínú omi mímu: èló ló pọ̀ jù?

Omi ni ìlú Waukesha, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin l'Amẹ́ríkà, fi lórúkọ. Láyé àwọn ọdún 1880, àwọn olówó máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbẹ̀ torí àtimu omi ìsun rẹ̀. Nígbà tó yá, ìlú gbòòrò, wọ́n gbẹ́ kànga jíjìn wọ inú àpáta. Omi náà mọ́ lójú, kò sì rùn, àmọ́ rédíọ̀mù wà nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò dà á síbẹ̀ o. Láti inú àpáta ló ti ń yọ́ wá.

Rédíọ̀mù jọ kálísíọ́ọ̀mù tó ń mú egungun le, ara kò sì dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Bí a bá gbé e mu, díẹ̀ nínú rẹ̀ á lọ jókòó sínú egungun, á sì máa tú ìtànṣán jáde níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó ń fi ọ̀dà rédíọ̀mù kun ojú aago ní New Jersey lẹ́yìn ọdún 1917 ló fi ara gbá a. Ètè ni wọ́n fi ń mú ẹnu búrọ́ọ̀ṣì ṣóńṣó. Egungun àgbọ̀n ọ̀pọ̀ wọn jẹrà, àwọn mìíràn kú ní kékeré.

Lọ́dún 1976, àjọ EPA tó ń bójú tó àyíká l'Amẹ́ríkà pààlà: rédíọ̀mù inú lítà omi kan kò gbọdọ̀ ju picocurie 5 lọ. Ìyẹn ni pé kí átọ̀mù tó ń fọ́ nínú lítà náà má ju bíi 11 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Kí ló dé tí kì í ṣe òdo? Òdo gan-an ni àjọ náà kọ sílẹ̀ pé ó wu òun, torí kò sí ìwọ̀n tí wọ́n lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò ní fa jẹjẹrẹ láé. Ṣùgbọ́n òfin gbọ́dọ̀ wo ohun tí ẹ̀rọ lè sẹ́ kúrò àti iye tí ìlú lè san.

Bí owó ṣe ń darí òfin ló hàn kedere jù nínú ti yúréníọ̀mù, ohun mìíràn tó máa ń wà nínú omi, tó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. 20 máíkírógíráàmù nínú lítà kan ni wọ́n dábàá lọ́dún 1991. Nígbà tí òfin jáde ní December 2000, ó ti di 30. Wọ́n ní àǹfààní tó wà nínú 20 kò tó owó tí yóò ná àwọn ìlú. Èmi ò ní kí wọ́n má ṣírò owó. Ohun tó ká mi lára ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń rò pé ọwọ́ dókítà nìkan ni iye yẹn ti jáde.

Ní Waukesha, òfin picocurie 5 yẹn ló lé wọn kúrò nídìí kànga. Adágún Michigan kò jìnnà sí wọn, ṣùgbọ́n omi ìlú náà kì í ṣàn síbẹ̀, nítorí náà kí wọ́n tó lè fa omi rẹ̀, àfi kí gómìnà ìpínlẹ̀ 8 tó jọ ń dáàbò bo omi àwọn adágún agbègbè náà fọwọ́ sí i. Wọ́n fọwọ́ sí i lọ́dún 2016. October 2023 ni omi adágún tó dé ẹnu ẹ̀rọ wọn, lẹ́yìn tí wọ́n ti ná ju mílíọ̀nù dọ́là 200 lọ. Bí wọ́n bá sì lò ó tán, wọ́n gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ mọ́, kí wọ́n dá a padà sí adágún náà gba odò Root.