Kí wọ́n tó fi kún owó iná àti owó fóònù, ìṣirò ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe: ta ló ń bá ẹ̀yin oníṣòwò kéékèèké kà níbẹ̀?

Ní ọjọ́ kẹta, oṣù kẹrin, ọdún 2024, àjọ NERC tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná mànàmáná lórílẹ̀-èdè Nàìjíríà kéde pé àwọn oníbàárà tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún wákàtí 20 lóòjọ́, yóò máa san náírà 225 lórí yúníìtì kan. Nǹkan bíi náírà 68 ni wọ́n ń san tẹ́lẹ̀. Ká ní ìyá kan ń ta ẹja tútù, tí àwọn firísà rẹ̀ sì ń jẹ yúníìtì 600 lóṣù. Owó tó jẹ́ N40,800 tẹ́lẹ̀ di N135,000 lẹ́ẹ̀kan náà. Lóṣù karùn-ún ọdún yẹn, NERC dín in kù sí N206.80, ṣùgbọ́n nígbà tó di oṣù keje, ó tún ti gòkè díẹ̀, ó di N209.50.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé ńṣe ni ẹnì kan jókòó sí Àbújá, tó kàn fa iye kan yọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìwádìí àti ìṣirò ló wà nídìí rẹ̀, ohun tó sì yẹ kí oníṣòwò mọ̀ ni ohun tí wọ́n ń kà mọ́ ìṣirò ọ̀hún, àti ẹni tó ń kó o wá.

Ètò tí NERC ń lò láti ọdún 2008 ni wọ́n ń pè ní MYTO. Ohun mẹ́rin kan wà lára àwọn tó máa ń mú owó iná lọ sókè tàbí wálẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀wọ́n gógó ọjà jẹ́ ọ̀kan, èyí kò ṣòro láti yé èèyàn. Ìkejì ni owó gáàsì, ìkẹta sì ni iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là sí náírà. Ìbátan ni àwọn méjèèjì, nítorí pé gáàsì ni púpọ̀ nínú àwọn iléeṣẹ́ tó ń pèsè iná ń lò, dọ́là ni wọ́n sì fi ń dá iye lé gáàsì náà. Nítorí náà, nígbà tí náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn oṣù kẹfà ọdún 2023, owó iná ti gbéra nínú ìwé ìṣirò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì hàn lórí mítà wa.

Ìkẹrin ló yẹ ká dúró lé lórí dáadáa: iná tó ń ṣòfò. Òmíràn ń ṣòfò lójú wáyà àti tiransifọ́mà tó ti gbó, àwọn kan ń fa iná láìgba inú mítà, àwọn mìíràn sì ń gba bíìlì tí wọn kì í san. NERC máa ń fọwọ́ sí iye òfò kan fún iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ń pín iná. Èyí tí wọ́n bá fọwọ́ sí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń san owó yín déédéé ni wọ́n máa pín in lé lórí. Èyí tó bá lé lórí rẹ̀, ọrùn iléeṣẹ́ náà ló wà.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ wò ó. Kì í ṣe iye ti iléeṣẹ́ kankan ni mo fẹ́ lò yìí o. Ká ní yúníìtì kan ná iléeṣẹ́ ní N100, tí wọ́n sì gbà pé 20 nínú 100 lè ṣòfò. Yúníìtì 80 ni yóò pa owó 100 wọlé, nítorí náà wọn yóò tà á fún yín ní N125. Tí wọ́n bá gbà pé 35 lè ṣòfò ńkọ́? Yúníìtì 65 péré ló kù, iye tí wọn yóò tà á yóò lé ní N153. Iná ò pọ̀ sí i, gáàsì ò wọ́n sí i, síbẹ̀ ohun tó lé ní náírà 28 ti gorí yúníìtì kan nítorí ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé.

Àwọn iléeṣẹ́ tó ń pín iná ló máa ń kọ́kọ́ kó ìṣirò yìí wá. NERC á yẹ̀ ẹ́ wò, á sì pe ìjókòó ìta gbangba kí àwọn tọ́rọ̀ kàn lè sọ tẹnu wọn. Wọ́n ṣe irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ lóṣù keje ọdún 2023, nígbà tí àwọn iléeṣẹ́ náà ní àwọn fẹ́ fi kún owó iná.

Bákan náà lọ̀rọ̀ fóònù rí. Láti ọdún 2013 ni owó ìpè kò ti gbéra púpọ̀, kí àwọn iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ tó bẹ àjọ NCC pé àwọn fẹ́ fi ohun tó lé ní ìdá ọgọ́rùn-ún kún un. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, NCC ní wọn ò gbọ́dọ̀ fi ju ìdá àádọ́ta lọ. Ara ohun tí àwọn iléeṣẹ́ náà sọ ni pé dọ́là ni wọ́n fi ń ra irinṣẹ́, àti pé epo dísù ló ń gbé ọ̀pọ̀ òpó fóònù wọn ró nítorí iná tí kò dúró. Ẹ ò rí i pé àìsíná yìí kan náà lẹ̀ ń san lẹ́ẹ̀mejì.

Ìwádìí NCC mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò gbọ́ nípa rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan, tẹ́ ẹ pe ẹni tó wà lórí òmíràn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín gbọ́dọ̀ sanwó fún ìkejì. NCC ló ń wádìí iye tí ìṣẹ́jú kan ń náni gan-an, kó tó dá iye lé e. Lọ́dún 2018, N3.90 ló fi sí i fún àwọn iléeṣẹ́ ńlá. Bí wọ́n bá fi èyí sílẹ̀ fún iléeṣẹ́ tó tóbi jù, ó lè fi bu àwọn kéékèèké pa. Ẹni tó rántí ọdún 2001, nígbà tí ìṣẹ́jú kan jẹ́ nǹkan bíi N50, tí èèyàn á sọ̀rọ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó gba owó ìṣẹ́jú odindi, yóò mọ ohun tó yí padà nígbà tí Glo dé lọ́dún 2003 tó ń ka owó ìpè ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ìdíje ló ṣe é.

Ti àwọn tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà kò gùn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe òfin àwọn iléeṣẹ́ tuntun tó ń lo ìmọ̀ ẹ̀rọ, àwọn ọ̀dọ́ tó wà nídìí iṣẹ́ náà bá ìjọba jókòó kọ ọ́, ààrẹ sì buwọ́ lù ú lóṣù kẹwàá ọdún 2022. Wọ́n wà níbẹ̀ kí wọ́n tó pa orí rẹ̀ dé.

Àwọn iléeṣẹ́ ńlá náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ MAN ti àwọn oníléeṣẹ́ máa ń ka owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn ń ná sórí jẹnẹrétọ̀, wọ́n á sì gbé e jáde. Ta ló ń ka ti wẹ́dà, onígbàjámọ̀, télọ̀ àti ìyá ẹlẹ́ja? Bá a bá dákẹ́, tara ẹni a máa bá ni dákẹ́. Kí èèyàn dìde níbi ìjókòó pé “kò síná ládùúgbò wa” kì í ká ẹnikẹ́ni lára, ṣùgbọ́n kí ṣọ́ọ̀bù 20 nínú ọjà kan kọ ọ́ sínú ìwé fún oṣù mẹ́ta, ìgbà tí iná dé àti ìgbà tó lọ, lítà epo tí wọ́n rà, ọjà tó bà jẹ́, ìyẹn yàtọ̀. Ìwé yẹn tún wúlò fún Band A: àṣẹ NERC tọdún 2024 sọ pé bí iléeṣẹ́ kò bá fún yín ní wákàtí tó ṣèlérí fún ọjọ́ méjì léraléra, ó gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ní gbangba kó tó di aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kejì, bó bá di ọjọ́ méje, kí wọ́n já a wálẹ̀ sí ìpele tí iná tó ń fúnni bá mu.

Ìjókòó yìí sì ti ń sún mọ́ ilé. Òfin iná ọdún 2023 fún àwọn ìpínlẹ̀ lágbára láti máa mójú tó ọ̀rọ̀ iná láàárín ara wọn. Ní ọdún 2024, NERC fa iṣẹ́ yìí lé Èkìtì àti Oǹdó lọ́wọ́, Ọ̀yọ́, Èkó àti Ògùn náà sì wà lára àwọn tó tẹ̀lé wọn. Ní Enugu, àjọ ìpínlẹ̀ ibẹ̀ yẹ ìwé iléeṣẹ́ MainPower wò lóṣù keje ọdún 2025, ó sì já Band A wálẹ̀ láti nǹkan bíi N209 sí N160. Iléeṣẹ́ náà fárígá, àríyànjiyàn sì le gan-an lórí bóyá owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ yẹ kó wà nínú ìṣirò náà. Tí wọ́n bá pe tiyín ní Adó-Èkìtì, ní Àkúrẹ́ tàbí ní Ìbàdàn, kí ẹgbẹ́ yín gbé ìwé yín dání, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ béèrè pé mélòó nínú 100 ni wọ́n fọwọ́ sí pé ó lè ṣòfò, àti pé ta ló kà á.